Páálí Tí Mi Ò Tú

Ọjọ́ Ẹtì ni Bàbá Onílé tó rántí pé lẹ́tà kan wà fún mi. Ó ti wà lábẹ́ rédíò wọn láti Ọjọ́rú, wọ́n sì ti gbé ife tíì lé e lórí, débi pé ìdí ife náà ti ya òrùka sára orúkọ mi.

"Má bínú, ọmọ mi," ni wọ́n wí. "Mo ní kí n má baà gbàgbé, mo bá fi í síbi tí mo ti máa rí i. Ibẹ̀ gan-an ni mi ò wò."

Mo ní kò sí wàhálà, Bàbá. Mi ò tíì mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Mo ń gun àtẹ̀gùn lọ, mo ń fi eyín já etí àpòòwé, inú mi sì ń dùn, nítorí pé ọwọ́ Àǹtí mi ni mo rí lára rẹ̀. Àǹtí mi kì í sọ ohun tó bá ṣe kókó lórí fóònù. Wọ́n ní fóònù máa ń jẹ ìdajì ọ̀rọ̀, ìdajì tí kò dáa ló sì máa ń ṣẹ́kù fún ènìyàn.

"Alálàá mi," ni wọ́n kọ, "mo fẹ́ kí o mọ̀ kí ayé tó mọ̀. Ibi iṣẹ́ tí mo ní mo ti rí, tí mi ò dárúkọ fún ọ, ilé-iṣẹ́ tuntun tó gba Arẹwà ni. Mi ò sọ nítorí pé oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi ń dán mi wò, mi ò sì fẹ́ kí o bá mi yọ ayọ̀ tí a tún máa gbé sọnù. Èmi ni mo ń kun ojú rẹ̀. Igba ọmọláńgidi àkọ́kọ́ tó jáde, ọwọ́ mi ni gbogbo wọn gbà kọjá. Bí o bá rí ọ̀kan, gbé irun rẹ̀ sókè, kí o wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀. Mo fi àmì dúdú kan síbẹ̀, irú èyí tó wà lọ́rùn ìwọ náà. Ojú rẹ̀ pẹ̀lú, ojú rẹ ni. Ojú tí o máa ń ṣe bí ìwé bá wà lọ́wọ́ rẹ, tí mo bá ń pè ọ́ wá jẹun, tí o kò gbọ́. Má sọ fún ẹnikẹ́ni o. Ọ̀gá wa ò mọ̀."

Mo jókòó sórí ibùsùn. Lókè kọ́bọ́ọ̀dù, níwájú mi gan-an, Arẹwà tuntun ń wò mí láti inú páálí rẹ̀. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́sàn-án tó ti ń wò mí bẹ́ẹ̀. Àyẹ̀wò tí mo kọ nípa rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn sì ti jáde lánàá.

Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu.

Arẹwà kì í ṣe ọmọláńgidi tí ọmọdé fi ń ṣeré. Àgbàlagbà ló ń rà á. Gígùn rẹ̀ tó apá ènìyàn láti ìgúnpá dé ọwọ́, orúnkún rẹ̀ ń ká, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ń yí, sípù aṣọ rẹ̀ ń ṣí, ó sì ń pa dé. Àwọn tó ń kó o jọ máa ń tò ó sórí pẹpẹ bí àwọn mìíràn ṣe ń to ìwé. Ọdún mọ́kàndínlógún ni Àǹtí mi fi kun ojú rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ àtijọ́, kí ẹni tó ni ín tó darúgbó, kí àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti ìlẹ̀kùn. Àbúrò ìyá mi ni wọ́n, àwọn ló sì tọ́ mi láti ìgbà tí ìyá mi ti kú. Nígbà tí mo wà ní kékeré, èyí tó bá ní àbùkù ni wọ́n máa ń mú wálé fún mi. Mo ní olójú kan. Mo ní èyí tí ètè rẹ̀ ṣàn dé àgbọ̀n bí ẹni mu ẹ̀jẹ̀. Mo fẹ́ràn wọn, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹlòmíràn ló kọ́kọ́ kọ̀ wọ́n.

Bí gbogbo ohun tí mo ní ṣe rí nìyẹn. Aṣọ mi, ẹ̀gbọ́n kan ti wọ̀ ọ́ rí. Bàtà mi mọ ẹsẹ̀ ẹlòmíràn kó tó mọ tèmi. Ìwé ìtàn tí mo ń kà, ọwọ́ Nọ́ọ̀sì tó ń gbé ìsàlẹ̀ ni mo ti ń yá wọn, ọ̀pọ̀ wọn ló sì ti já lẹ́yìn. Mo lè kà á dé ibi tí ọkùnrin náà ti ń kan ìlẹ̀kùn, kí ojú ìwé sì tán síbẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo máa ń parí wọn lọ́kàn. Ó ti mọ́ mi lára láti máa mọ ohun tí mi ò rí.

Ilé ìtajà bọ́tìnnì àti òwú ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ ni Bàbá Páálí ti bá mi, ní ọdún méjì sẹ́yìn. Àwọn ni olóòtú ìwé ìròyìn kékeré tí àwọn olùkójọ Arẹwà ń kà. A ń pè wọ́n ní Bàbá Páálí nítorí pé páálí ló kún ilé wọn, bí àlejò bá sì dé, páálí náà ni wọ́n máa ń fà fún un láti fi jókòó. Wọ́n wá ra bọ́tìnnì tí kò tóbi ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Mo sọ fún wọn pé èyí tí wọ́n mú kì í ṣe ti Arẹwà, pé ti Arẹwà máa ń ní ihò méjì, kì í ṣe mẹ́rin. Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní ṣé mo lè kọ̀wé. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kọ àyẹ̀wò fún wọn, Ojúlówó sì ni orúkọ tí mo ń fọwọ́ sí i.

Mi ò sọ fún Àǹtí mi. Mo fẹ́ kó di ńlá kí n tó fi hàn wọ́n. Bàbá Páálí ti ní ojú àwọn ò gbé e mọ́, pé bí ọdún bá parí, èmi ni wọ́n máa gbé ìwé ìròyìn náà fún, orúkọ mi gan-an ni yóò sì wà níwájú rẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo ń dúró dè. Àṣé ìwà kan náà ni èmi àti Àǹtí mi ń hù: oníkálukú fi ayọ̀ tirẹ̀ pa mọ́ títí yóò fi jinná.

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ tuntun gba Arẹwà, ara àwọn olùkójọ ò balẹ̀. Ṣé wọn ò ní bà á jẹ́? Ṣé irun rẹ̀ ò ní máa já? Ilé-iṣẹ́ náà fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí Bàbá Páálí fún àyẹ̀wò, wọ́n sì gbé e fún mi.

"Tú u, yẹ̀ ẹ́ wò, kí o sì sọ òótọ́," ni wọ́n wí. "Tìẹ ni lẹ́yìn náà."

Mo gbé e délé. Mo mú sísọ́ọ̀sì. Mo jókòó tì í láti ìgbà tí mo tibi iṣẹ́ dé títí tí mo fi ní láti tan iná.

Kí n ṣàlàyé ohun kan. Láàárín àwa tó fẹ́ràn Arẹwà, ẹgbẹ́ méjì ló wà: àwọn tó ń tú páálí, àti àwọn tí kì í tú u. Àwọn tí kì í tú u gbà pé bí abẹ bá ti kan sẹ́lótéèpù yẹn, ọmọláńgidi náà ti di ti àná. Mo máa ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo wo sẹ́lótéèpù tí kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn, mo wo ọ̀rá tó ṣe fèrèsé fún páálí náà, tí èémí ẹnikẹ́ni ò tíì gbà lára rẹ̀, ó sì wá sí mi lọ́kàn pé nínú gbogbo ọjọ́ ayé mi, ohun àkọ́kọ́ rèé tí ẹnikẹ́ni ò ní kí n tó ní in. Mo gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀.

Mo ní màá tú u lọ́la. Nígbà tí ọ̀la dé, mo ní ó ṣe tán, mo ń rí i. Ojú, irun, aṣọ, bàtà, gbogbo rẹ̀ ló hàn lójú fèrèsé. Ara rẹ̀ ńkọ́? Mo mọ ara Arẹwà bí mo ṣe mọ ọwọ́ mi. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

"Mo gbé e lọ́wọ́," ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Irọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn, òun ló sì wà lókè pátápátá. "Ara rẹ̀ ò yí padà. Orúnkún rẹ̀ ń ká bíi ti àtijọ́. Ojú rẹ̀ ni wọ́n sọ nù. Ẹni tó kùn ún ò tíì wo ojú ènìyàn rí. Ojú òsì ga ju tọ̀tún lọ, méjèèjì sì ń wo ohun tí kò sí níbẹ̀, bí ojú ẹni tí wọ́n gbàgbé sí ibùdókọ̀. Bí ilé-iṣẹ́ tuntun bá fẹ́ gbàmọ̀ràn, kí wọ́n gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ ẹni yẹn, kí wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún ẹ̀rọ."

Gbólóhùn ibùdókọ̀ yẹn dùn mọ́ mi. Mi ò ní parọ́. Mo ń sọ ọ́ jáde bí mo ṣe ń rìn lọ síbi iṣẹ́, lẹ́ẹ̀mejì, mo sì ń rẹ́rìn-ín fúnra mi débi pé ọkùnrin tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lẹ́bàá ọ̀nà kí mi pé ẹ kú oríire.

Ní ọjọ́ Ẹtì tí mo ń wí yìí, pẹ̀lú lẹ́tà Àǹtí mi lórí itan, mo gé sẹ́lótéèpù náà. Kò dún. Mo rò pé yóò dún. Wọ́n fi òwú dè é lọ́rùn, lọ́wọ́ àti nídìí, mo gé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì gbé e jáde lẹ́yìn ọ̀rá.

Ojú rẹ̀ méjèèjì dọ́gba.

Mo gbé ọ̀rá náà padà síwájú rẹ̀, ojú òsì gòkè. Mo mú un kúrò, ojú òsì sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀rá náà ló wú níbì kan, bóyá láti inú ọkọ̀ tó gbé e wá, tí iná yàrá mi fi ń dà lórí rẹ̀ síbí sọ́hùn-ún. Mo gbé ọmọláńgidi náà súnmọ́ fèrèsé. Ojú tó ń wò mí kì í ṣe ojú ẹni tí wọ́n gbàgbé. Ó rọ̀, ó jìnnà díẹ̀, bí ẹni tí ìtàn kan ń lọ lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Irun òkè ojú rẹ̀ tín-ín-rín, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fà á. Mi ò rí ojú Arẹwà kankan tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí, mo sì ti rí ọ̀pọ̀lọpọ̀.

Mo gbé irun rẹ̀ sókè. Àmì dúdú náà wà níbẹ̀, kò ju ojú àmì ìdánudúró lọ. Mo fi ìka kan tèmi lẹ́yìn ọrùn. Ibì kan náà ni.

Mi ò lè máa gbé e lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Mo ní kí n fi í jókòó sórí tábìlì, mo ká orúnkún rẹ̀. Ó dún kẹ́. Ẹsẹ̀ ọ̀tún já láti orúnkún, ó bọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì yí lọ sábẹ́ ibùsùn. Nígbà tí mo wá a rí, mo rí i pé ike fẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ṣe ìdè orúnkún náà báyìí, èyí tó jẹ́ irin tẹ́lẹ̀.

Ohun tí mo yìn ló já. Ohun tí mo bú ni kò lábùkù.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo lọ sọ́dọ̀ Bàbá Páálí. Wọ́n ń lẹ àdírẹ́ẹ̀sì mọ́ ara àpòòwé, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ ti páálí kan sọ́dọ̀ mi pé kí n jókòó.

"Ojúlówó mi," ni wọ́n wí. "Láti Ọjọ́bọ̀, fóònù ò jẹ́ kí n sinmi. Ibùdókọ̀, ibùdókọ̀, òun ni gbogbo wọn ń pariwo. Obìnrin kan ní òun rẹ́rìn-ín títí ọkọ òun fi wá wo ohun tó ń ṣe òun."

Mo gbé ọmọláńgidi náà sórí tábìlì wọn, mo sì fi ẹsẹ̀ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Kí ló ṣe é?"

"Ó já nígbà tí mo fẹ́ fi í jókòó, sà."

"Nígbà wo?"

"Lánàá."

Ọwọ́ wọn dúró lórí àpòòwé. "Ọjọ́bọ̀ ni àyẹ̀wò rẹ jáde."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Wọ́n bọ́ gíláàsì ojú wọn, wọ́n fi etí ṣẹ́ẹ̀tì nù ún, wọ́n nù ún títí tó fi hàn pé kì í ṣe gíláàsì ni wọ́n ń nù. "O ò tú u."

"Mi ò tú u, sà."

Àwa méjèèjì mọ ohun tó wà lẹ́yìn ìwé ìròyìn náà. Ó ti wà níbẹ̀ láti ọdún mẹ́rìnlá, nísàlẹ̀, nínú àpótí kékeré: Ẹni tó bá kọ nípa ohun tí kò fọwọ́ kàn, kò ní kọ nínú ìwé yìí mọ́.

"Ọ̀rẹ́ mi ni ẹni tí mo torí rẹ̀ kọ ìyẹn," ni Bàbá Páálí wí. "Fọ́tò ló wò tó fi kọ ọ́. Mo lé e. A ò tíì kíra wa títí dòní, ìta kan náà la sì ń gbé." Wọ́n tún gbé gíláàsì náà sójú. "Bí mo bá lé ìwọ náà, ta ni mo fẹ́ gbé ìwé fún? Èmi tí mi ò rí ojú abẹ́rẹ́ mọ́. Wò ó, ìwọ ọmọ yìí, ṣé o sọ fún ẹlòmíràn?"

"Rárá, sà."

"Ó dáa. A máa kọ ọ́ lóṣù tó ń bọ̀ pé òmíràn ti tẹ̀ wá lọ́wọ́, pé orúnkún rẹ̀ ò lágbára, pé ojú tiẹ̀ sàn díẹ̀. Irọ́ kọ́ nìyẹn. Òótọ́ ni, a kàn wọ aṣọ fún un ni."

Ó yẹ kí n sọ ti Àǹtí mi fún wọn. Mi ò sọ ọ́. Mo ní, "Ó dáa, sà. Ẹ ṣeun." Bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn wọn, ara mi fúyẹ́. Mo rántí pé mo tilẹ̀ ń ka àtẹ̀gùn náà lábẹ́ ẹnu. Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe, ìfúyẹ́ yẹn ló ń tì mí lójú jù.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni Àǹtí mi kan ìlẹ̀kùn. Wọn ò sọ pé àwọn ń bọ̀. Mo gbọ́ ohùn wọn nísàlẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń kí Bàbá Onílé, mo bá sáré ju ọmọláńgidi náà sínú kọ́bọ́ọ̀dù, àti òun àti ẹsẹ̀ rẹ̀, mo sì ti páálí rẹ̀ sábẹ́ ibùsùn.

"Alálàá," ni wọ́n wí, wọ́n di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi mú. "O ti rù. Àbí ìwé lo ń jẹ?"

"Ẹ káàbọ̀, Àǹtí mi. Ẹ jókòó. Ẹ jẹ́ kí n bu omi wá."

"Jẹ́ kí n kọ́kọ́ bọ́ bàtà yìí, kó tó bọ́ mi." Wọ́n jókòó létí ibùsùn mi, wọ́n na ẹsẹ̀. Àwọ̀ pupa díẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èékánná àtàǹpàkò wọn, irú èyí tí wọ́n fi ń kun ètè. Láti kékeré ni mo ti mọ àwọ̀ yẹn. "Ṣé o rí lẹ́tà mi?"

"Mo rí i. Ọjọ́ Ẹtì ni mo rí i."

"Ó pẹ́ díẹ̀ nígbà náà." Wọ́n ṣí àpò wọn, wọ́n mú bébà kan tí wọ́n ká mẹ́rin jáde. Sẹ́lótéèpù ṣì wà ní igun rẹ̀. Kí wọ́n tó tẹ́ ẹ sílẹ̀ ni mo ti mọ̀ ọ́n. "O ti mọ ibi iṣẹ́ mi báyìí. Wá wo ohun tí wọ́n kọ nípa mi."

Mo wò ó bí ẹni pé mi ò rí i rí. Ilẹ̀ ì bá là kí n wọlé.

"Ọ̀gá wa ló lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri," ni Àǹtí mi wí, "lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago, níbi tí gbogbo wa ti ń fọwọ́ síwèé láàárọ̀. Nígbà tí wọ́n lọ jẹun ni mo yọ ọ́. Àwọn ọmọbìnrin tó ń rán aṣọ ti sọ mí lórúkọ. Ìyá Ibùdókọ̀. 'Ìyá Ibùdókọ̀, ṣé ọkọ̀ ti dé?'" Wọ́n fẹ́ fi rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò jáde dáadáa. "Ẹnu wọn mú, kò burú. Àwa náà ti ṣe ọmọdé rí."

"Kí ni ọ̀gá yín wí?"

"Ó ní lọ́la ni òun máa sọ bóyá búrọ́ọ̀ṣì la máa lò tàbí ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ náà ti dé. Ó wà nínú páálí rẹ̀ lẹ́yìn ìlẹ̀kùn. Ó ní ẹni tó ń sọ ara rẹ̀ ní Ojúlówó ti yìn wá lórí orúnkún, ojú nìkan ló kù tí a máa tún ṣe."

Mo bu omi fún wọn.

"Ìwọ wo bó ṣe kọ ọ́," ni wọ́n ní, wọ́n fi ìka tọ́ bébà náà bí ẹni tó ń tọ́ ohun tó gbóná. "Ó mọ ọ̀rọ̀ í lò. Ohun tó dùn mí nìyẹn. Ká ní òpè ló kọ ọ́, ǹ bá ti fi í nu búrọ́ọ̀ṣì. Mo kà á tán, mo lọ dúró níwájú dígí, mo ní àbí lóòótọ́ ni, ṣé mi ò tíì wo ojú ènìyàn rí ni? Ọdún mọ́kàndínlógún."

"Àǹtí mi..."

"Jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Okùn ni mo fi ń wọn ojú méjèèjì kí wọ́n lè dọ́gba, o mọ̀ ọ́n, ìwọ lo máa ń bá mi di okùn yẹn mú. Ṣùgbọ́n ẹni yìí ní òun gbé e lọ́wọ́. Èmi náà gbé e lọ́wọ́. Nínú àwa méjèèjì, ẹnì kan ò ríran. Òun lè jẹ́ ọmọdé, ojú rẹ̀ á mọ́lẹ̀. Èmi ni àgbà." Wọ́n fi àtàǹpàkò nu abẹ́ ojú wọn kan, kì í ṣe ẹkún, wọ́n kàn fọwọ́ kàn án bí ohun tó ń bàjẹ́. "Mo ti ro ó pé bí ojú mi bá ti ń lọ, kí n fọwọ́ ara mi gbé búrọ́ọ̀ṣì náà sílẹ̀ lọ́la, kí wọ́n tó gbà á lọ́wọ́ mi."

Mo ti rò pé ohun tó burú jù ni pé mo bú wọn. Mi ò mọ̀ pé wọ́n gbà mí gbọ́.

"Ṣùgbọ́n kí n tó gbé e sílẹ̀, mo fẹ́ fèsì," ni wọ́n wí. "Ìdí tí mo fi wá nìyẹn. Ìwọ lo mọ̀wé nínú wa. Mú bírò."

Mo mú bírò. Ọlọ́run ló mọ ìdí tí mo fi mú un. Mo tẹ́ bébà sórí ìwé kan tí mo yá lọ́wọ́ Nọ́ọ̀sì, mo jókòó sílẹ̀ níwájú wọn, bí mo ṣe máa ń jókòó nígbà tí mo bá ń ṣe iṣẹ́ ilé-ìwé.

"Kọ ọ́ pé: Sí Ojúlówó. Kọ ọ́ kó gún o, kó má lọ rò pé ará oko ni wá."

Mo kọ ọ́. Sí Ojúlówó.

"Kọ ọ́ pé: Mo kí ọ. Mo ka ohun tí o kọ. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ òótọ́ pé ojú òsì ga, mi ò ní bá ọ jà lórí ìyẹn. Ìwọ lo ríran."

Mo kọ ọ́. Ìwọ lo ríran. Ọwọ́ mi ni mo fi kọ ọ́, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, wọn ò sì mú ojú kúrò lára bírò náà, inú wọn ń dùn sí bí ìwé mi ṣe mọ́.

"O ṣì ń kọ ọ́ dáadáa," ni wọ́n wí. "Ó dáa. Kọ ọ́ pé: Ṣùgbọ́n o ní ojú náà ń wo ohun tí kò sí níbẹ̀. Lórí ìyẹn, o ṣì mí gbọ́. Mo mọ ẹni tó ni ojú náà. Èmi ni mo tọ́ ọ. Ọmọ náà ò wo òfo rí. Ohun tó ń wò jìnnà ni, èmi náà ò sì rí i, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀."

Mo dé ibi "Èmi ni mo tọ́ ọ", bírò náà ò lọ mọ́.

"Àbí yíǹkì tán?" ni Àǹtí mi bèèrè.

"Kò tán." Mo gbé bírò sílẹ̀. Mo dìde, mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, mo gbé Arẹwà jáde, mo gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ jáde, mo fa páálí rẹ̀ síta lábẹ́ ibùsùn. Mo kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ níwájú wọn. Wọ́n wo sẹ́lótéèpù tí mo gé, wọ́n wo ọ̀rá tó wú náà. Wọ́n gbé irun ọmọláńgidi náà sókè, wọ́n rí àmì wọn. Wọn ò wò ó mọ́. Èmi ni wọ́n ń wò.

"Ojú yín ò bàjẹ́, Àǹtí mi," ni mo wí. "Ojú Arẹwà méjèèjì dọ́gba. Mo ti wò wọ́n. Ọjọ́ Ẹtì ni mo tó wò wọ́n."

Nísàlẹ̀, Bàbá Onílé ń yí rédíò wọn kiri, ó ń hó.

"Èmi ni Ojúlówó. Èmi ni mo kọ ọ́. Mi ò gbé e lọ́wọ́, irọ́ ni. Mi ò tú páálí rẹ̀. Ẹ̀yìn ọ̀rá yẹn ni mo ti wò ó, nítorí mo fẹ́ ní ohun tí ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kàn. Olóòtú wa ti ní ká bò ó mọ́lẹ̀, mo sì ti gbà lánàá. Mi ò gbà mọ́. Lọ́la, màá bá yín wọ ọkọ̀ àárọ̀. Màá gbé òun àti ẹsẹ̀ rẹ̀ dání. Màá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago yẹn, màá sì sọ fún ọ̀gá yín, lójú àwọn tó ń pè yín ní Ìyá Ibùdókọ̀, pé èmi ni mo kọ ọ́, pé mi ò fọwọ́ kàn án, pé orúnkún ló bàjẹ́, kì í ṣe ojú. Lẹ́yìn náà màá kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn náà bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, pẹ̀lú orúkọ tí ẹ̀yin ń pè mí. Bí ó bá ti jáde, mi ò ní kọ níbẹ̀ mọ́."